Igbákejì kì í ṣe ìgbà kejì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àyè díẹ̀ gbà mí lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: igbá. Ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí ọ̀rọ̀ yìí má jáde nínú ìwé ìròyìn Yorùbá, yálà ẹni tó kọ ọ́ fura tàbí kò fura. Igbákejì gómìnà ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó gbégbá ìbò ń bẹ níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbégbá orókè nínú ìdíje náà ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì ohùn sí i, àkọlé ìròyìn á wá di "Igba keji gomina", ẹni tó ń kà á kò sì ní mọ̀ bóyá igbákejì gómìnà ni wọ́n ń wí, tàbí gómìnà tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn mìíràn ń fi àmì sí i, àmọ́ wọ́n ń ṣì í fi, wọ́n á kọ "ìgbàkejì" fún ẹni tó tẹ̀ lé ọ̀gá. Èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yìí ló dùn mí jù, nítorí àṣìkọ nìkan kọ́, ó ń pa ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà run. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń la igbá kò lè ṣi ọ̀rọ̀ yìí kọ láé.

Lẹ́tà mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: i, gb, a. Ohùn ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Igba ni 200, òun ló sì fara pamọ́ sínú ẹgbẹ̀ta, ẹgbẹ̀rin àti ẹgbẹ̀rún, ìyẹn igba lọ́nà mẹ́ta, mẹ́rin àti márùn-ún. Ìgbà ni àkókò. Igbà ni okùn tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Ìgbá ni èso tí àwọn mìíràn ń pè ní ikàn. Igbá ni ohun èlò ilé tí à ń bu omi, tí à ń bu oúnjẹ sí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìgbálẹ̀ tàbí ìgbádùn bá igbá tan. Gbá ilẹ̀ ló bí ìgbálẹ̀. Gbọ́ adùn ló bí gbádùn. Bí ìró bá jọra, kò ní kí ọ̀rọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Ìtàkùn ni igbá tí mò ń sọ. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ni Lagenaria siceraria, ilẹ̀ Áfíríkà ló sì ti ṣẹ̀ wá. Ó ti dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn, nítorí igbá tó bá gbẹ a máa léfòó lójú òkun fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹ́ pé kóró inú rẹ̀ kú. Òdòdó rẹ̀ funfun; ìrọ̀lẹ́ ló ń là, á sì rọ lọ́jọ́ kejì. Igi kan tún wà, Crescentia cujete, tó ti Amẹ́ríkà wá sọ́dọ̀ tiwa. Ara ẹ̀ka àti ìdí igi gan-an ni èso rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́. À ń pe èso ìyẹn náà ní igbá nítorí iṣẹ́ kan náà là ń fi í ṣe, ṣùgbọ́n ti ìtàkùn ló ni ọ̀rọ̀ yìí, òun ló sì lè tóbi débi tí ọmọdé fi lè jókòó sínú rẹ̀.

Kóró méjì tàbí mẹ́ta là ń gbìn sójú kan nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ká fi bíi mítà méjì sí mẹ́ta sáàárín ojú kan sí ìkejì, ká sì fà á ku ẹyọ kan nígbà tó bá ti yọ ewé mẹ́rin. Igbá tútù ní irun wẹ́wẹ́ lára. Bó ti ń gbó ni irun náà ń re, tí ara rẹ̀ ń dán. Ó gbó tán nígbà tí ìtàkùn ìdí rẹ̀ bá gbẹ, tí èékánná kò wọ̀ ọ́ mọ́, tí a bá fi ìka kàn án tó dún kokoko. Ẹni tó bá kánjú já a ṣáájú ìgbà yìí kò ní rí igbá lò. Èèpo rẹ̀ kò tíì di igi, yóò hunjọ bí ó bá ṣe ń gbẹ. Apá tó bá fi lé ilẹ̀ tútù a máa rà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ́ koríko gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀. Eṣinṣin kan sì wà tó ń gún èso náà nígbà tó wà ní kékeré. Ojú ibi tó gún á san, á di àpá, ẹni tí kò mọ̀ kò sì ní kà á sí. Ojú àpá yẹn gan-an ni igbá yóò ti sán lẹ́yìn tó bá ti délé onílé.

Bí wọ́n bá ti já a, wọ́n á rì í sómi tàbí kí wọ́n rì í mọ́ ẹrọ̀fọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, títí awọ òkè rẹ̀ á fi máa bó. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fi okùn wọ̀n ọ́n yípo, wọ́n á fi èédú fa ìlà tẹ̀ lé okùn. Bó bá jẹ́ abọ́ méjì ọgbọọgba ni wọ́n ń fẹ́, ìlà náà gbọ́dọ̀ gba ojú ibi tó ti so mọ́ ìtàkùn kọjá, kó sì gba ìdí rẹ̀ kọjá. Kí ayùn tó kàn án, ẹni tó mọṣẹ́ á fi ọ̀bẹ fa àmì kékeré kan dábùú ìlà náà, kí ìdajì àmì wà lára ìdajì igbá yìí, kí ìdajì kejì wà lára ìdajì tòún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú sí àmì kékeré yìí. Mo ń padà bọ̀ wá sórí rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá là á, wọ́n á kó ẹran inú rẹ̀ àti kóró kúrò, wọ́n á fá inú rẹ̀ títí yóò fi dán, wọ́n á sì gbé e síbi òjìji. Oòrùn gangan kò dára fún un, torí inú á yára gbẹ ju ẹ̀yìn lọ, etí rẹ̀ á ká wọlé. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ igbá ń ṣe kó má baà ká ni pé wọ́n á dá ìdajì méjèèjì padà síra wọn, wọ́n á fi okùn dì wọ́n, kí wọ́n jọ gbẹ. Inú igbá tuntun a máa korò. Ẹ pọn omi sí i, ẹ máa pa á dà láràárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò lọ.

Ó kù sí àmì kékeré yẹn. Kò sí igbá tó yí ká roboto pátápátá. Ẹ̀gbẹ́ kan á nípọn ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, ayùn náà á sì wọ́ díẹ̀ síhìn-ín, díẹ̀ sọ́hùn-ún. Nítorí náà, bí ẹ bá la igbá mẹ́wàá, ẹ óò ní ogún ìdajì, ṣùgbọ́n ìdajì kan ṣoṣo ni ìdajì kọ̀ọ̀kan lè bá ṣe. Ẹ mú ọmọrí igbá kan, ẹ fi dé igbá mìíràn tí wọ́n jọ tóbi: á máa mì jẹ̀rẹ̀jẹ̀rẹ̀, ẹ óò sì rí àlàfo tí kòkòrò lè gbà wọlé. Ẹ wá dá a padà sórí ẹnì kejì rẹ̀ tí wọ́n jọ ti ara èso kan ṣoṣo jáde, kí ẹ yí i títí ìlà àmì méjèèjì fi pàdé. Ẹ ó gbọ́ tí yóò dún kẹ́, á sì dúró. Ìyẹn ni igbákejì. Igbá tó kù, tí igbá yìí kò lè pé láìsí i.

Ẹ wá wò ó bóyá ìgbà kejì lè wọ ibẹ̀. Nínú Yorùbá tó jinlẹ̀, bí ènìyàn bá pe ẹlòmíràn ní igbákejì òun, kò sọ pé onítọ̀hún kéré sí òun. Ohun tó ń sọ ni pé àwọn jọ jẹ́ ọ̀kan. Ìdí nìyí tí a fi ń kí ọba ní aláṣẹ, igbákejì òrìṣà. Ó yẹ kí èyí nìkan tó ẹ̀rí. A kò sọ pé ọba ń tẹ̀ lé òrìṣà lórí ìlà oyè, a kò sì sọ pé ìgbà kejì òrìṣà ni. Òrìṣà ni igbá ti òkè, ọba ni ti ìsàlẹ̀, ẹnu méjèèjì sì bá ara wọn mu. Nígbà tí àwọn tó ṣáájú wa ń wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi pe ẹni tó ń dúró fún gómìnà tàbí ààrẹ nígbà tí kò bá sí nílé, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àmọ̀ràn ńlá ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn fún àwọn tó ń jẹ oyè náà lónìí, tí ọ̀gá àti igbákejì á máa bára wọn jà lójú ìwé ìròyìn.

Ẹ tún fi í wé ọ̀rọ̀ kejì tí ẹ̀ ń kọ lójoojúmọ́, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí mo ṣe ń tú u ni pé a-mú-igbá-lẹ́gbẹ̀ẹ́: ẹni tó mú igbá dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Òun kọ́ ni ìdajì igbá. Ó kàn bá ọ̀gá gbé e ni. Ọ̀nà méjì tó yàtọ̀ síra ni Yorùbá gbà fi igbá kan náà pín iṣẹ́ ọ́fíìsì, kò sì yẹ kí akọ̀ròyìn máa fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Gbégbá ńkọ́? Ẹni tó ń wá ohun kan lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè na ọwọ́ lásán, ohun tí wọn yóò fi í sí ni yóò gbé lọ bá wọn. Ojú tí mo fi ń wo gbégbá ìbò nìyẹn: igbá tó ṣí sílẹ̀, tí olúkúlùkù yóò ju ìbò tirẹ̀ sí. Gbégbá orókè ní tirẹ̀ ti kúrò lórí ẹni tó ń tọrọ, ẹni tó borí ló kù. Tí ẹ bá yọ àmì kúrò lórí rẹ̀, tó di "gbe igba oroke", ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí lè rò pé ẹnì kan gba 200 lórí òkè.

Ṣùgbọ́n igbá tí a gbé fún ènìyàn tún lè jẹ́ ikú. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí Ọ̀yọ́ Mèsì bá ti kọ Aláàfin, Baṣọ̀run ló ń gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ lọ síwájú rẹ̀. Aláàfin kì í béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Bí igbá bá ṣí, tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó ti yé e pé ìlú àti àwọn tó fi í joyè ti kẹ̀yìn sí i, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ́rí gbaṣọ. Ibẹ̀ ni a ti ń gbọ́ pé wọ́n ṣí igbá fún ọba. Bí oníròyìn bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ yẹn fún olóyè tí wọ́n kàn dá dúró fún oṣù mẹ́ta, kó rántí ibi tó ti wá. Ó wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Igbá Odù ti àwọn babaláwo, èyí tí à ń pè ní Igbádù, jẹ́ igbá tí a kì í ṣí níṣojú ọ̀gbẹ̀rì, n kò sì ní sọ jù báyìí lọ. Ti ìyàwó ni gbogbo ayé mọ̀: igbá tó fi ẹsẹ̀ fọ́ níwájú ilé ọkọ, tí àwọn àgbà á máa ka àfọ́kù rẹ̀, tí wọ́n gbà pé iye rẹ̀ ni iye ọmọ tí yóò bí. Lára ènìyàn, a ní igbá àyà, eegun ìhà tó tẹ̀ kọrọdọ bo ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Ìjàpá ní igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, ohun kan náà ni: ohun líle tó tẹ̀, tó sì pa ohun mìíràn mọ́.

Orúkọ kan ṣoṣo kò sì tó igbá. Bí ìrísí rẹ̀ bá ti yí padà, orúkọ náà á yí. Ahá ni èyí kékeré tí a fi ń mu ẹmu. Àdó ni wínníwínní tí oníṣègùn ń rọ oògùn sí. Èyí tó ní ọrùn gígùn, tí a fi kóró sínú rẹ̀ fún Ṣàngó, ni ṣẹ́rẹ́. Èyí tí wọ́n fi àwọ̀n ìlẹ̀kẹ̀ tàbí owó ẹyọ wọ̀ lára níta ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé Kúbà, tí wọ́n ń pè é ní chekeré níbẹ̀, àti Bràsíl, tí wọ́n ń pè é ní xequerê. Èyí tí àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́ fi ọ̀bẹ ya ọnà sí lára ni igbá fínfín. Èyí tó ní ikùn ńlá àti ọrùn tóóró ni akèrègbè, tí àwọn kan ń pè ní kèrègbè tàbí akèǹgbè. Ọrùn yẹn ni wọ́n ń so okùn mọ́, òun ló bí òwe pé kèrègbè ló ń júwe bí a ó ṣe so okùn mọ́ òun lọ́rùn.

A mọ òwe pé ọwọ́ èwe kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń fọ inú rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ kò wọlé. Wọ́n á gé orí rẹ̀, wọ́n á rọ omi kún un, wọ́n á fi sílẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹran inú rẹ̀ rà. Wọ́n á da ìyẹn nù, wọ́n á wá bu òkúta wẹ́wẹ́ tó kún ọwọ́ kan àti omi díẹ̀ sí i, wọ́n á mì ín, wọ́n á yí i, wọ́n á tún mì ín, títí omi tó ń jáde á fi mọ́ gaara. Bí òkúta bá tóbi jù, á là á láti inú. Iyanrìn nìkan kò sì lè ha á. Èwe ló ni ọwọ́ tó lè wọ ẹnu akèrègbè mú òkúta tó bá há. Ìdí tí òwe náà fi pín iṣẹ́ fún tọmọdé tàgbà nìyẹn.

Bí igbá bá sán, wọn kì í sọ ọ́ nù. Asogbá ni à ń gbé e lọ bá. Yóò kọ́kọ́ rẹ igbá náà sómi kó má baà tún sán sí i. Yóò fi òòlu lu ihò lọ́tùn-ún lósì ojú ibi tó sán, kí ihò kọ̀ọ̀kan jìnnà sí etí rẹ̀ tó ìwọ̀n èékánná. Bó bá súnmọ́ etí jù, okùn á fà á já. Yóò fi okùn ìko rán an, yóò sì fi ìda dí ojú ihò. Igbá síso dára fún ọkà àti gàrí. Ẹ má fi pọn omi. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé "so igbá" náà ti ń di "sọ igbà" nínú àwọn ìwé kan, tí kò sì ní ìtumọ̀ rárá.

Àwọn àgbà ní bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní àíkàrágbá, wọn a bá a fi kó ilẹ̀. Ìwé ìròyìn tó ń fi Yorùbá jẹun ni onígbá. Láti ọdún 1974 ni ìjọba ti fọwọ́ sí ìlànà àkọtọ́ tí à ń lò, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò sì ju èyí lọ: kí igbákejì máa jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí lẹ́tà "a" ti "igbá" inú rẹ̀ ní àmì òkè, kí "i" tó ṣáájú rẹ̀ má ní àmì kankan. Bí ọ̀rọ̀ náà bá bọ́ sí ìparí ìlà, ẹ má dá a sí méjì láàárín igbá àti kejì, ẹ sún gbogbo rẹ̀ lọ sí ìlà tó kàn. Bí gómìnà bá wọlé lẹ́ẹ̀kejì, ẹ kọ "lẹ́ẹ̀kejì" tàbí "fún sáà kejì", kí ìgbà kejì má tilẹ̀ yọjú nínú àkọlé. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín kò bá sì lè fi àmì sórí àkọlé ńlá, ẹ fi àmì sí i nínú ìlà àkọ́kọ́ ìròyìn náà, ibi tí ojú òǹkàwé á kọ́kọ́ bà lé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Yorùbá